Lẹ́tà Kan Nínú Ẹ̀jẹ̀ Dorsaf

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kejì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òjò ń rọ̀ láti àná, omi sì ti gba ẹnu ọ̀nà ibùdó ìwádìí wa ní Tunis títí dé ìdí àtẹ̀gùn. Mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́, mo fẹsẹ̀ lásán wọlé bí ọmọ iléèwé. Jalila ń wò mí láti ojú fèrèsé.

"Ọ̀gá, ẹni tó ti fẹ̀yìntì kì í jẹ́ kí òjò pa òun. Ilé ló ń jókòó sí."

Mo ní kó fún mi ní aṣọ ìnusẹ̀, kó yé wàásù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni nígbà kan. Òun ni olórí ibí báyìí, èmi ni mo ń jẹ́ iṣẹ́ tó bá rán mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Abẹ tuntun tún já wa kulẹ̀. Abẹ là ń pè é láàárín ara wa. Ẹ́ńsáìmù ni, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún tó ká jọ bí ọwọ́ tó di okùn mú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó rìn lórí okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, tó dà bí ìwé tí a fi lẹ́tà kọ, kó wá ogún lẹ́tà tí a ní kó wá, kó gé okùn náà níbẹ̀, kó má gé ibòmíràn. Bó bá gé e, ara yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń ní nínú ìyá rẹ̀, èyí tí kì í tẹ̀ kọ́rọ́ bíi dòjé. Èyí tí a ṣe kẹ́yìn gé ibẹ̀ dáadáa, ó sì tún gé ibi mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Ọmọ mẹ́fà tó ní arunmọléegun ni ilé ìwòsàn fẹ́ kọ́kọ́ tọ́jú ní oṣù karùn-ún. Dorsaf ọmọ ọmọ mi wà lára wọn.

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kejì

Monia ọmọbìnrin mi gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti abúlé wa lórí òkè wá fún ìpààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n sùn lọ́dọ̀ mi. Dorsaf ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó kéré bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò sinmi.

"Bàbá Àgbà, ṣé abẹ yín ti mú?"

"Ó mú. Ìwà ni kò ní."

"Ẹ gbé e fún Màmá. Màmá á kọ́ ọ níwà."

Monia ní, "Ìwọ tí mo bí, mi ò tíì rí ọ kọ́. Abẹ ni màá wá kọ́."

A ṣínu. Ọmọ náà jẹ àkàrà dídín tí wọ́n ń pè ní bíríkì méjì, ẹyin inú rẹ̀ ń ṣàn sí i ní àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó ní ká ta káàdì. Ó ń rẹ́ mi jẹ, mo ń rí i, mo sì dákẹ́. Nígbà tó bọ́ sínú oorun, Monia ní dókítà ti sọ pé kídìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, àti pé irú ìrora àyà tó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá kò gbọdọ̀ tún ṣe é. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣe é kíá, Bàbá." Kò tíì bẹ̀ mí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọdé.

Ajé, 2 oṣù kẹta

Òjò. Ata pupa ti gbówó lórí. Abẹ tó gba nọ́ńbà ogún kò gé ohunkóhun rárá. Ọmọlúàbí tí kò lè ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹta

Abẹ kọkànlélógún mọ́: ibi tí a rán an nìkan ló gé.

Ohun tí a ṣe ni pé a tú ìka mẹ́ta lára ọwọ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ó ń di okùn mú pinpin débi pé, bí lẹ́tà kan tàbí méjì kò tilẹ̀ bá a mu, kò ní jù ú sílẹ̀, yóò gé e bẹ́ẹ̀. Báyìí ó ń dì í mú jẹ́jẹ́. Bí kì í bá ṣe ibi tí a rán an gan-an, ọwọ́ rẹ̀ yóò yọ̀. Jalila dúró síwájú kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́, ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí lọ, ó padà dé pẹ̀lú ojú tó ti fi omi bọ́.

"Ọ̀gá, ó mọ́."

"Tún un wò."

"Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Lẹ́ẹ̀kẹrin."

"Inú ààwẹ̀ la wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n ṣépè."

Ogójì ènìyàn la lo ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò náà. Mo bi í níbo ni wọ́n ti wá. Ó ní Tunis, Sousse, Sfax, Bizerte, ẹni méjì láti Gabès.

"Orí òkè ńkọ́?"

"A ò ní ẹ̀jẹ̀ orí òkè. Àwọn ará ibẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ gbà á láyé ọjọ́sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń kọ èyí kí ìbọn ìṣínu tó dún, nítorí mi ò mọ̀ bóyá màá lè kọ ọ́ bí mo bá ti jẹun yó.

Ọdún tí Monia fẹ́ ṣègbéyàwó ni àwọn olùwádìí wá gba ẹ̀jẹ̀ ní abúlé wa. Arunmọléegun pọ̀ lórí òkè ju ibikíbi lọ ní ilẹ̀ yìí, wọ́n sì fẹ́ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀. Èmi ni ọ̀mọ̀wé abúlé náà. Àwọn àgbà ti ká apá aṣọ sókè, wọ́n wá bi mí bóyá kí àwọn na apá. Lotfi, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ni Monia fẹ́ fẹ́. Oko ólífì tí bàbá wa pín sí méjì yóò tún di ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ilé tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú ìwé ẹlẹ́jẹ̀ burúkú, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ọmọbìnrin ibẹ̀. Mo wí fún wọn pé kò pọn dandan. Gbólóhùn kan péré. Wọ́n fa apá aṣọ wọn wálẹ̀, àwọn olùwádìí kó ìgò wọn lọ, ìyàwó sì wọlé kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fura sí ohun tó wà lára èmi àti àbúrò mi. Àrùn náà pa Seif, àkọ́bí Monia àti Lotfi, nígbà tí kò tíì lè de okùn bàtà rẹ̀. Mo sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Mo sọ fún Jalila pé ká dán abẹ yìí wò lára sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fúnra wọn. Mùdùnmúdùn egungun wọn wà nínú fírísà wa. Ó ní òfin kò béèrè fún un. Mo ní èmi ni mo béèrè fún un.

Ẹtì, 20 oṣù kẹta

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo gun òkè lọ bá wọn. Òtútù mú, igi ìdáná sì tutù. Lotfi fà mí lọ́wọ́ kí n tó jókòó, ó ní kí n wá wo nǹkan. Ó ti kun yàrá ẹ̀yìn ní funfun, ó ti kó gbogbo ẹní àti tìmùtìmù kúrò, ó ti lẹ táìlì sí ilẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé, bí wọ́n bá tọ́jú ọmọ náà tán, ó gbọ́dọ̀ dá gbé níbi tí kò ti sí ìdọ̀tí fún oṣù mélòó kan.

"Táìlì yìí wọ́ díẹ̀ níbí," ni ó wí, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. "Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí."

"Ó dára gan-an."

Dorsaf yọjú lẹ́yìn wa. "Wọ́n ní ewúrẹ́ mi ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́."

"Ewúrẹ́ yẹn á jẹ ọṣẹ ni," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Inú rẹ̀ náà á sì mọ́."

A rẹ́rìn-ín. Mo dúró nínú yàrá náà lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Ọ̀dà ṣì ń rùn níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹrin

Ọmọ márùn-ún mọ́. Ti Dorsaf kò mọ́.

Lẹ́tà kan ni. Níbi kan lórí okùn, tí ó jìnnà réré sí ibi tí a rán abẹ, gbogbo ayé ní lẹ́tà kan, àwa ní òmíràn. Òmíràn yẹn ló mú kí ibẹ̀ jọ ibi tí abẹ ń wá bí ìbejì ṣe ń jọ ìbejì, ọwọ́ abẹ kò sì yọ̀. Nítorí pé ìdílé kan náà ni bàbá àti ìyá Dorsaf ti wá, ó gbà á lápá méjèèjì. Àbùdá tí ó ń gé níbẹ̀ ni olùṣọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ di jẹjẹrẹ.

Mo fa ẹ̀jẹ̀ ara mi, mo wò ó. Lẹ́tà náà wà lára mi.

Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Jalila lọ sí ìpàdé. Òfin kò béèrè fún àyẹ̀wò yìí, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò béèrè èsì rẹ̀. Mo jókòó títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán, mo jókòó títí wọ́n fi pe ti ìrọ̀lẹ́. Jẹjẹrẹ lè má dé láéláé. Ó lè dé nígbà tí Dorsaf bá ti di ìyá ọlọ́mọ. Àrùn tó wà lára rẹ̀ lónìí kò ní dúró títí dìgbà náà.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹrin

Mo fi han Jalila. Ó kà á lórí ìdúró, kò bọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi wá a?" ni ó wí. "Ta ló rán yín?" Kí n tó dáhùn ó gbé ọwọ́ sókè. "Rárá. Ẹ má dá mi lóhùn. Inú ló ń bí mi."

Ó jókòó, ó pe ilé ìwòsàn. Wọ́n yọ orúkọ Dorsaf, wọ́n fi ti ọmọkùnrin kan láti Béja rọ́pò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká rán abẹ lọ síbòmíràn lórí okùn. Jalila ní a ti gbìyànjú àwọn ibòmíràn, kò sí èyí tó jí ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú dáadáa bí èyí. Abẹ fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ẹgbẹ́ kejì yóò wọlé nígbà ìkórè ólífì, bí a bá sì ní abẹ tó mọ́ lára Dorsaf kó tó dìgbà náà, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ tọ́jú.

Kó ṣáà la ẹ̀ẹ̀rùn já.

Àìkú, 12 oṣù kẹrin

Monia ń ká aṣọ Dorsaf sínú àpótí ìrìnàjò nígbà tí mo wọlé. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò dúró, ó ń ká aṣọ.

Lotfi ní, "Abẹ tí ẹ ṣe mọ́ lára ọmọ ọlọ́mọ, ti ọmọ ọmọ yín ni kò mọ́. Báwo ni ẹ ò ṣe mọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Nítorí pé kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kankan láti orí òkè nínú èyí tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí ló fà á?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ ti àwọn olùwádìí, ti apá aṣọ, ti gbólóhùn mi. Mi ò fi oko ólífì pamọ́. Lotfi jáde lọ sí àgbàlá. Monia fi aṣọ sílẹ̀.

"Nígbà tí ẹ ní kò pọn dandan, ṣé ẹ ti mọ̀?"

"Mo fura."

"Mi ò bi yín ní ti ìfura, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Mo wá bá yín lọ́jọ́ náà," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ wà lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ẹ ń bó ẹ̀wà tútù. Mo ní, Bàbá, ṣé kò séwu? Ẹ ní Lotfi kì í ṣe èèyàn burúkú."

"Kì í ṣe èèyàn burúkú."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn aṣọ náà padà jáde kúrò nínú àpótí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lotfi ló wà mí dé ibi ọkọ̀. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣe abẹ náà." Mo ní màá ṣe é.

Ajé, 4 oṣù karùn-ún

Wọ́n gba àwọn mẹ́fà wọlé lónìí. Mo rí ọmọ Béja náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ bàtà òjò aláwọ̀ ewé, ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ ọ. Mo gbàdúrà fún un. Ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí àdúrà náà tó ti ọkàn mi wá.

Abẹ kejìlélógún dé ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n: gbogbo wọn ni wọ́n gé ìbejì náà, ibi tí lẹ́tà wa wà.

Àbámẹ́ta, 23 oṣù karùn-ún

Wọ́n tún wá fún ìpààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Monia fi ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní òun ń lọ sọ́jà, kò wọlé. Dorsaf ní òun fẹ́ rí ibi iṣẹ́ mi. Mo mú un lọ. Ó ní kí n fi lẹ́tà náà han òun, mo ṣí i lójú kọ̀ǹpútà.

"Èyí kékeré yìí?"

"Òun ni."

"Mo rò pé ó máa burú ju báyìí lọ." Ó fi ìka kàn án. "Ṣé ẹ̀yin náà ní in?"

"Mo ní in."

"Màmá ńkọ́? Bàbá?"

"Wọ́n ní in."

"Seif ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. A ò fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pamọ́."

"Ó ní in," ni ó wí, bí ẹni tó ti rí i. "Ọmọ ilé wa ni." Ó yí àga náà po lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá Àgbà, Màmá ń bínú sí yín."

"Ó yẹ kó bínú."

"Èmi náà fẹ́ bínú. Ó máa ń rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Mo ra áísìkiríìmù fún un nígbà tí à ń padà. Lẹ́mọ́ọ̀nù ló yàn.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹfà

Ọdún Híjírà tuntun wọlé. Aládùúgbò mi gbé mulukíyà, ọbẹ̀ ewédú wa, wá, ó ti wà lórí iná láti àná, ó dúdú, òróró léfòó lórí rẹ̀. Ó ní kí ọdún wa tutù bí ewé. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì, mo ṣe àmín.

Abẹ kọkànlélọ́gbọ̀n kọ̀ láti gé ìbejì náà lára sẹ́ẹ̀lì Dorsaf. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ìka tí a tú ti pọ̀ jù, kò fi bẹ́ẹ̀ gé ibi tí a rán an mọ́. Jalila ní, "Ká dá ìka kan padà fún un, ká wá tún àtẹ́lẹwọ́ ṣe." Ó túmọ̀ sí pé kí abẹ náà lè dì í mú dáadáa, àmọ́ kí ibi tó ti ń yẹ lẹ́tà wò le koko sí i. Mo ní a ò ní àkókò. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó ń kánjú ló ń ṣe iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì." Mi ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó jọ ohun tí mo máa ń sọ fún ẹlòmíràn.

Ìṣẹ́gun, 7 oṣù keje

Ṣíhílì, afẹ́fẹ́ gbígbóná, ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ń jó ni lọ́wọ́. Lotfi pè mí: àyà ń dun Dorsaf, wọ́n ti gbé e sọ́kọ̀, wọ́n ń bọ̀ ní Tunis. A ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń bá wa pò ó pé kí wọ́n ṣe abẹ kẹrìnlélọ́gbọ̀n fún wa. Kò tíì dé.

Ẹtì, 10 oṣù keje

Wọ́n gbà mí láyè láti wọlé. Monia dìde kúrò lórí àga kí n lè jókòó, ó lọ dúró ti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ìgò ń wọ imú ọmọ náà. Ó ṣí ojú.

"Ẹ má sùn síbí o. Ẹ̀ ń hanrun."

"Mi ò ní sùn."

"Abẹ ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà."

"Ẹ sọ fún un kó gba ọ̀nà tààrà," ni ó wí. Ó di ojú. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láti abẹ́ aṣọ títí tí nọ́ọ̀sì fi ní kí n máa lọ.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù keje

Dorsaf kú láàárọ̀ yìí.

Ẹtì, 17 oṣù keje

Inú yàrá funfun ni wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Kò sí ibòmíràn tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà. Lotfi di ilẹ̀kùn mú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà wọlé.

Lẹ́yìn ìsìnkú mo jókòó láàárín àwọn ọkùnrin. Wọ́n gbé kúsíkúsì sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹun. Mo jẹun. Ẹ̀fọ́ àti ẹran àgùntàn ni. Mo jẹ ẹ́ tán, ojú sì tì mí pé ó dùn.

Ajé, 3 oṣù kẹjọ

Mo padà sí ibi iṣẹ́. Jalila kò retí mi. Abẹ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wà nínú fírísà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé lára ẹ̀jẹ̀ ta ni ó fẹ́ dán an wò. Ó wo ilẹ̀.

"Àwọn ogójì wọ̀nyẹn," ni ó wí.

"Kò sí lẹ́tà náà lára wọn."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá."

"Ti Dorsaf ṣì kù nínú fírísà."

"Mo mọ̀."

A yọ ọ́ jáde. Sẹ́ẹ̀lì tó ti dì láti oṣù kìíní kò mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. A mú un yọ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, a fi abẹ náà sí i.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹjọ

Ó mọ́. Ó gé ibi tí a rán an dáadáa ju gbogbo èyí tí a ti ṣe lọ. Kò fọwọ́ kan ìbejì náà rárá. Jalila kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó pa kọ̀ǹpútà, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí tí aṣọ́bodè fi wá bi wá bóyá kí òun ti ilẹ̀kùn.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹjọ

Ogójì ọjọ́ pé. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ Lotfi kí n tó dìde láti sọ̀rọ̀. Mo sọ fún gbogbo abúlé ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tí àwọn olùwádìí wá, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n na apá báyìí, kí abẹ má baà ṣìnà lára ọmọ wọn bó ṣe ṣe lára tiwa. Mo ti kó ìgò wá. Àwọn kan dìde wá, àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Slimane, tó dàgbà jù mí lọ, ní òun ní ọmọ ọmọbìnrin méjì tí wọn kò tíì lọ́kọ. Ó ní, "Taher, ìwọ fúnra rẹ lo wí fún wa pé kò pọn dandan." Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Ó ń rán mi létí ni.

Monia wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹjọ

Aṣọ́bodè pè mí, ó ní obìnrin kan ń béèrè mi. Monia ni. Òun nìkan ló wọkọ̀ wá. Ó ní Jalila ló sọ fún òun lórí fóònù pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun wà níbí.

Mo mú un wọlé, Jalila sì gbé àwo náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù fún un. Monia fa gèlè rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ráyè.

"Ṣé tirẹ̀ ni?"

"Tirẹ̀ ni."

"Wọ́n rí roboto."

"A ti lé atẹ́gùn jáde kúrò lọ́dọ̀ wọn láti àárọ̀, kí wọ́n lè tẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀. Wọn ò tẹ̀."

Ó tún wò. Jalila jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé.

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Ṣúgà. Iyọ̀. Irin díẹ̀. Inú omi kan ni wọ́n wà, a máa ń pààrọ̀ ẹ̀."

"Ta ló ń pààrọ̀ ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Títí di ìgbà wo?"

"Irú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í pẹ́ nínú àwo. Bóyá ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kò sí ohun tí a tún fẹ́ fi wọ́n ṣe, a ti rí ohun tí à ń wá. Ẹgbẹ́ kejì ni yóò lo abẹ náà."

Ó gbé ojú kúrò. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó mú báàgì rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n sìn ín débi ọkọ̀, ó ní rárá. Ó ti di ilẹ̀kùn mú kó tó yíjú padà.

"Ẹ má dà wọ́n nù kí ọjọ́ wọn tó pé."

"Mi ò ní dà wọ́n nù."

Ẹtì, 28 oṣù kẹjọ

Òjò díẹ̀ rọ̀ ní ìdájí, àkọ́kọ́ láti oṣù karùn-ún. Mo dé ibi iṣẹ́ kí Jalila tó dé. Mo pààrọ̀ omi wọn.